Jìbìtì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ọwọ́ Ta Ló Tẹ Bọ́tìnì?

Ẹni méjì lè pàdánù owó lóru ọjọ́ kan náà, kí àwọn méjèèjì jí láàárọ̀ kí wọ́n sì máa pariwo pé olè ti kó àwọn, síbẹ̀ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn má jọra rárá. Ẹni àkọ́kọ́ kò fọwọ́ kan fóònù rẹ̀: ẹnìkan tó ti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ló wọ inú àkáǹtì rẹ̀ nígbà tó ń sùn, tó sì fi owó ránṣẹ́ síta. Ẹni kejì fúnra rẹ̀ ló ṣí áàpù báǹkì rẹ̀, tó kọ iye owó àti nọ́ńbà àkáǹtì àjèjì síbẹ̀, tó sì fi ìka ara rẹ̀ fọwọ́ sí i, nítorí pé ẹnìkan ti fi ọ̀rọ̀ dídùn tàbí ìdẹ́rùbà tàn án jẹ. Lójú ará ilé, olè ni olè ń jẹ́. Lójú báǹkì, lójú òfin, àti lójú ẹni tó fẹ́ bá wọn gba owó náà padà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀ràn ẹni àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹni kejì.

Ìdí tí mo fi ní kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí à ń gbọ́ nípa jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń da ọ̀nà méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n á ní kí ẹ lo ọ̀rọ̀ aṣínà tó le, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ aṣínà tó le jù lọ láyé kò lè gba ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ fi owó ránṣẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ má ṣe bá àjèjì sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni olè tó ti ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín lọ́wọ́ kò nílò láti bá yín sọ gbólóhùn kan. Ìbéèrè kan ló máa ń la ọ̀rọ̀ náà: ọwọ́ ta ló tẹ bọ́tìnì? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ olè, ilẹ̀kùn la ní láti ṣọ́, èyíinì ni ọ̀rọ̀ aṣínà, kóòdù àti fóònù. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ yín, kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n já; ẹ̀yin tí ẹ ni kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n bẹ̀ títí tí ẹ fi ṣí i fún wọn.

Ọ̀ràn náà kò kéré. FBI, àjọ ọlọ́pàá ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti ní ẹ̀ka kan láti ọdún 2000 tó ń gba ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, IC3 ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2024 nìkan, ẹ̀sùn 859,532 ló dé ọ̀dọ̀ wọn, owó tí àwọn tó fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sì sọ pé àwọn pàdánù jẹ́ bílíọ̀nù 16.6 dọ́là. Èyí tí àwọn èèyàn lanu sọ nìyẹn o. Ẹni tó gbé tirẹ̀ mì kò sí nínú rẹ̀.

Jìbìtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn pé ọlọ́rọ̀ kan wà lẹ́wọ̀n ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, pé bí ẹni tó gba lẹ́tà bá lè fi owó díẹ̀ ràn án lọ́wọ́ kó jáde, yóò pín nínú ìṣúra tó fi pamọ́. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì wá fi kún un ni pé lẹ́tà kan lè dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù èèyàn lọ́jọ́ kan láìná wọn ní ohun tó jọjú, àti pé owó lè kúrò ní àkáǹtì yín, kó gba àkáǹtì mẹ́ta kọjá, kó sì di crypto, owó orí kọ̀ǹpútà tí kò gba ọwọ́ báǹkì, kí ẹ tó jókòó rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní báǹkì lòun

Ẹ jẹ́ kí a wo ìpè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n wọn wà. Fóònù yín dún. Orúkọ báǹkì yín ló jáde lójú rẹ̀, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tutù, ó sì fi orúkọ yín ní kíkún pè yín. Ó ní ẹ̀ka ààbò lòun ti ń pè, pé ẹnìkan ń fi káàdì yín ra ọjà ní òkè òkun lọ́wọ́lọ́wọ́, ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ ní ẹ̀yin kọ́. Ó ní òun náà fura bẹ́ẹ̀, kí ẹ má fòyà, òun yóò dá a dúró. Kí ẹ lè gbà á gbọ́, ó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì yín sí yín létí. Lẹ́yìn náà ó ní kóòdù kan yóò wọlé sórí fóònù yín báyìí, kí ẹ kà á fún òun kí òun fi fagi lé ọjà náà. Lóòótọ́, kóòdù náà wọlé.

Orúkọ tó jáde lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó ń pè lè sọ fún ẹ̀rọ pé nọ́ńbà báyìí ni kí ó gbé jáde, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì sí ohun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà bóyá nọ́ńbà rẹ̀ ni. Ó rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́: ayédèrú lè bọ́ sáàárín àwọn tòótọ́ tí báǹkì yín ti ń fi ránṣẹ́ láti ọdún mélòó kan, torí orúkọ olùfiránṣẹ́ nìkan ni fóònù ń wò kó tó tò wọ́n sójú kan. Orúkọ yín, àdírẹ́sì ilé yín àti nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn káàdì náà kì í ṣe àṣírí mọ́. Irú ìwífún bẹ́ẹ̀ máa ń jò láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti bá dòwò pọ̀, àwọn olè sì ń tà á fún ara wọn.

Ó kan kóòdù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí OTP. Ibí yìí ló ń rú àwọn èèyàn lójú jù, nítorí pé kóòdù náà kì í ṣe ayédèrú. Báǹkì yín gan-an ló fi ránṣẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lódì kejì ni pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ti ṣí ojú ìwé tí a fi ń wọ àkáǹtì yín síwájú ara rẹ̀, ó ti kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín síbẹ̀, báǹkì sì ti bi í léèrè kóòdù, ìdí nìyẹn tó fi mọ ìṣẹ́jú gan-an tí yóò wọlé sọ́dọ̀ yín. Báǹkì fi kóòdù náà ránṣẹ́ kí ẹ̀yin lè fọwọ́ ara yín kọ ọ́ síbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń ṣe nǹkan. Ẹni tó pè yín kò ní ohun rere kankan tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ fara balẹ̀ ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà tán kí ẹ tó wo nọ́ńbà inú rẹ̀, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé owó iye báyìí ni kóòdù yìí yóò fi ránṣẹ́, àti pé kí ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ìjáyà ni kì í jẹ́ kí ojú rí i.

Ìpè yìí kan náà lè yà sí ọ̀nà kejì. Dípò kóòdù, ó lè ní àkáǹtì yín ti wà lọ́wọ́ àwọn olè, àní pé òṣìṣẹ́ báǹkì kan wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹ tètè kó owó yín lọ sí àkáǹtì tuntun kan tí wọ́n ti ṣí fún ààbò yín, kí ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni ní báǹkì. Báyìí, ọwọ́ yín ni yóò tẹ bọ́tìnì. Kò sí báǹkì tó máa ní kí oníbàárà kó owó rẹ̀ lọ sí àkáǹtì mìíràn kí ó má baà sọnù. Bí owó bá wà nínú ewu, àwọn fúnra wọn lágbára láti ti àkáǹtì náà pa. Àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ fi áàpù kan sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín kí wọ́n lè bá yín tún un ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Irú áàpù bẹ́ẹ̀, AnyDesk àti TeamViewer fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ti olè, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tòótọ́ ń lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lódì kejì yóò máa rí gbogbo ohun tí ẹ̀yin ń rí, yóò sì lè máa tẹ ohun tó bá wù ú.

Ohun tí ẹ ó ṣe rọrùn, bó tilẹ̀ ń ṣòro fún ẹni tí a kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí: ẹ pa ìpè náà. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbìyànjú láti dán an wò, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáhùn ìbéèrè. Ẹ yí káàdì yín padà, nọ́ńbà báǹkì wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ni kí ẹ pè. Bí báǹkì bá ní iṣẹ́ gidi tó fẹ́ jẹ́ fún yín, iṣẹ́ náà yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oníjìbìtì nìkan ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń pa lára. Ìlànà yìí kan náà ló bá ìpè ọlọ́pàá, ti ilé-iṣẹ́ owó orí, ti ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù, àti ti ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ tó ní kí ẹ yára san owó kan mu: ẹ kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà wá bá yín, kí ẹ gba ọ̀nà tí ẹ̀yin ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ padà lọ béèrè.

Bí a ṣe ń ka àdírẹ́sì ìkànnì

Bí ó bá jẹ́ líǹkì ni wọ́n fi ránṣẹ́, ojú yín lè gbà yín là bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó wò. Ẹ wo àdírẹ́sì tí mo fọwọ́ ara mi hun yìí: bankiwa.com.idaniloju.net/wole. Ojú tó bá kánjú yóò rí «bankiwa.com» níbẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni orúkọ onílé máa ń wà. Ẹ wá àmì ìlà dídagun (/) àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé orúkọ náà, èyí tó wà ṣáájú «wole». Láti ibẹ̀ ẹ máa kà bọ̀ lápá òsì, ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ ó kọ́kọ́ bá ni «idaniloju» àti «net». Ẹni tó ni idaniloju.net ló ni ojú ìwé yẹn. Ohunkóhun tó bá wà lápá òsì rẹ̀, òun náà ló fún un lórúkọ bó ṣe wù ú, ó sì lè fi orúkọ báǹkì yòówù síbẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan ìparí àdírẹ́sì máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, bíi .co.uk, níbẹ̀ ẹ ó ka mẹ́ta dípò méjì.

Àwọn kan máa ń lo lẹ́tà tó jọra. Wọ́n á fi «r» àti «n» ṣara wọn mọ́ra kó lè dà bí «m», tàbí kí wọ́n lo «а» ti álífábẹ́ẹ̀tì àwọn ará Rọ́ṣíà, tí kò yàtọ̀ sí tiwa lójú ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni. Kò sí ojú tó lè mọ ìyẹn. Ohun tó mọ̀ ọ́n ni sọfitíwia tó ń bá èèyàn tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, nítorí pé kì í wo bí ojú ìwé ṣe rí, àdírẹ́sì rẹ̀ ló ń wò. Bí ẹ bá dé ojú ìwé báǹkì yín tí sọfitíwia náà kò sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà lọ̀ yín bó ti máa ń ṣe, ẹ dúró. Èmi ò rí ìdí mìíràn tó lágbára tó èyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní irú sọfitíwia bẹ́ẹ̀.

Ó ku àmì àgádágodo tí wọ́n ti fi kọ́ wa fún ọdún pípẹ́ pé ó túmọ̀ sí ààbò. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ẹ̀yin àti ìkànnì náà ń bá ara yín sọ. Kò sọ pé olóòótọ́ ni ìkànnì náà, olè pẹ̀lú sì lè gba ìwé ẹ̀rí tó ń gbé àmì náà jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí èdè-àìyédè yìí ni Google fi yọ àmì àgádágodo náà kúrò nínú Chrome, sọfitíwia rẹ̀ tí a fi ń ṣí ìkànnì, lọ́dún 2023. Bí kíka àdírẹ́sì lójú fóònù kékeré bá ń sú yín, mi ò dá yín lẹ́bi. Ẹ má kúkú tẹ líǹkì fún ọ̀rọ̀ tó bá kan owó, ẹ ṣí áàpù báǹkì náà fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ aṣínà àti ímeèlì

Ní ti ọ̀nà àkọ́kọ́, níbi tí ọwọ́ olè ti ń tẹ bọ́tìnì, ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà jù ni lílo ọ̀rọ̀ aṣínà kan níbi gbogbo. Bí ìkànnì kékeré kan tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí lọ́jọ́ pípẹ́ bá jò, ẹ̀rọ àwọn olè yóò mú ímeèlì yín àti ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn, yóò sì máa dán an wò lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì mìíràn láìsí ẹni tó jókòó tì í. Lórí ìkànnì Have I Been Pwned, tí Troy Hunt ará Ọsirélíà dá sílẹ̀ lọ́dún 2013, ẹ lè kọ ímeèlì yín síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti mọ̀ bóyá ó wà lára àwọn tó ti jò.

Bí ẹ kò bá ní àkókò láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ tún ti ímeèlì ṣe ṣáájú ohun gbogbo, àní ṣáájú báǹkì. Ẹni tó bá ti wọ ímeèlì yín lè lọ sí ìkànnì mìíràn yòówù, kí ó tẹ «mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà mi», kí líǹkì tuntun sì wá bá a nínú àpótí yín. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára tan, tí ẹ kò lò níbòmíràn, sàn ju ọ̀rọ̀ kúkúrú tó kún fún àmì lọ. Ẹ tún fi ìdánimọ̀ kejì kún un, èyíinì ni ohun mìíràn tí wọ́n á béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà. Kóòdù orí àtẹ̀jíṣẹ́ sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n olè lè tan ilé-iṣẹ́ fóònù kí wọ́n gbé nọ́ńbà yín sórí SIM mìíràn. Kóòdù tí áàpù ń mú jáde lórí fóònù yín kò ní àbùkù yẹn. Èyí tó dára jù nínú gbogbo wọn ni passkey, kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ń tọ́jú dípò ọ̀rọ̀ aṣínà, nítorí pé àdírẹ́sì ìkànnì tòótọ́ nìkan ló ń dá lóhùn. Bí ojú ìwé ayédèrú bá béèrè rẹ̀, kò ní jáde, bí ẹ̀yin tilẹ̀ fẹ́.

Jìbìtì tí kì í kánjú

Mo ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìkánjú ni àmì jìbìtì. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé sùúrù ni ohun ìjà rẹ̀, òun ló sì ń kó gbogbo ohun tí èèyàn fi ogójì ọdún kó jọ lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan yóò wọlé bí ẹni pé ó ṣìnà. Ẹ ó dáhùn pé nọ́ńbà rẹ̀ kọ́ nìyí. Ẹni náà á bẹ̀bẹ̀, á sì kí yín lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan yóò kọjá nínú ọ̀rẹ́ tàbí ìfẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó tó yọjú, bó bá sì yọjú, kì í ṣe pé ó ń tọrọ. Ó kàn mẹ́nu bà á pé òun ní ibi tí òun ń fi owó sí tó ń so èso. Ẹ ó fi díẹ̀ síbẹ̀, áàpù náà á fi hàn yín pé ó ti pọ̀ sí i, ẹ ó sì ní kí wọ́n san díẹ̀ fún yín, wọ́n á san án. Owó díẹ̀ tí wọ́n san yẹn ni ìdẹ. Àwọn nọ́ńbà tó ń gòkè lójú áàpù kò ju àwòrán lọ, ẹni tó kọ áàpù náà ló ń kọ èyí tó bá wù ú síbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jáde ni wọ́n á sọ pé ẹ ní láti kọ́kọ́ san owó orí tàbí owó ìdánilójú. Ilé-iṣẹ́ tòótọ́ tó bá fẹ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lè yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní ní kí ẹ mú owó tuntun wá.

Orúkọ kan wà tí wọ́n ń pe irú jìbìtì yìí tó fi ẹni tí wọ́n lù wé ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń bọ́ fún pípa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Interpol, àjọ tó so ọlọ́pàá àwọn orílẹ̀-èdè pọ̀, rọ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n yé lò ó, nítorí pé ìtìjú inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì jáde wá sọ. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọ̀hún pàápàá lè má wà níbẹ̀ nífẹ̀ẹ́ ara rẹ̀: ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ lọ́dún 2023 pé ó kéré tán, èèyàn 120,000 ní Myanmar àti nǹkan bí 100,000 ní Cambodia lè wà níbi tí wọ́n ti ń fipá mú wọn ṣe jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Pé ẹ rí ojú ẹni náà lórí fídíò kò tó mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìròyìn jáde nípa òṣìṣẹ́ kan ní Hong Kong tó bá ọ̀gá àgbà ètò ìnáwó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé lórí fídíò, tó sì fi dọ́là Hong Kong mílíọ̀nù 200 ránṣẹ́ bí wọ́n ti ní kó ṣe. Ẹ̀rọ ló ya gbogbo ojú tó rí nínú ìpàdé náà. Bí ohùn ọmọ yín bá pè yín lóru pé òun wà nínú ìjàm̀bá, ẹ pa á, kí ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ mọ̀ mọ ọmọ náà. Ó tún dára kí ẹbí ní ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò kọ síbì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n lè fi bi ara wọn.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí owó bá ti lọ, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó sọ fún ọ̀rẹ́, kí ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Owó tó kúrò máa ń dúró díẹ̀ nínú àkáǹtì àkọ́kọ́ tó bọ́ sí, bí báǹkì yín bá sì tètè kàn sí báǹkì tó gbà á, wọ́n lè dì í mú níbẹ̀. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, ọ̀nà ti jìn. Ẹ sọ pé jìbìtì ni, ẹ ní kí wọ́n gbìyànjú láti dá owó náà padà, kí wọ́n ti káàdì àti àkáǹtì yín pa fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ káàdì ẹ̀bùn ni wọ́n ní kí ẹ rà, ilé-iṣẹ́ tó ni káàdì náà ni kí ẹ pè, pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ crypto, kò sí ẹni tó lè fa ìfowóránṣẹ́ náà padà. Síbẹ̀ ẹ fi tó ibi pàṣípààrọ̀ tí ẹ gbà létí, wọ́n lè ti àkáǹtì tó gbà á pa bí ó bá wà lọ́dọ̀ wọn.

Ní báǹkì yìí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ wa ti ń padà wá. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, sọ pé bí ó bá jẹ́ olè ló fi káàdì tàbí kóòdù yín yọ owó láìgbàṣẹ, tí ẹ sì sọ fún báǹkì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì tí ẹ mọ̀, ohun tí yóò kan yín kò gbọdọ̀ ju 50 dọ́là lọ. Bí ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó lè di 500, bí ẹ bá sì jẹ́ kí ọgọ́ta ọjọ́ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì ránṣẹ́ sí yín, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààbò yẹn kò bo ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi owó ránṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, òfin ti mú kí báǹkì máa san owó padà fún ẹni tí wọ́n tàn tó fi fọwọ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, títí dé 85,000 pọ́ùn, bí owó náà bá wà láàárín àwọn báǹkì ibẹ̀ tí ẹni náà kò sì ṣe àìbìkítà tó pọ̀ jù. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣàlàyé, ẹ má kàn sọ pé «mo fi owó ránṣẹ́» bó bá jẹ́ pé kóòdù ni ẹ kà fún un tó sì jẹ́ òun ló tẹ bọ́tìnì. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí gbólóhùn kan yẹn lè yí ọ̀nà tí ẹjọ́ náà yóò gbà padà.

Lẹ́yìn báǹkì, ímeèlì. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn tí wọn kò fọwọ́ kàn láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà, kí ẹ sì ní kí ó lé gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé jáde. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ wò: ẹ wo ètò inú ímeèlì náà bóyá olè ti ṣètò pé kí ẹ̀dà àwọn lẹ́tà yín máa lọ sí àdírẹ́sì tirẹ̀, torí ìyẹn kì í kúrò bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá yí padà. Bí ẹ bá ti fi áàpù tó ń jẹ́ kí wọ́n wọlé láti ọ̀nà jíjìn sórí ẹ̀rọ, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó yọ áàpù náà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yín bá sì ṣàdédé kú, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe ilé-iṣẹ́ fóònù yín, torí SIM yín lè ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá oníjìbìtì náà sọ rẹ́, bó ti wù kó tì yín lójú tó. Nọ́ńbà rẹ̀, àkáǹtì tó fún yín, àdírẹ́sì ìkànnì àti àkókò tí owó jáde ni ọlọ́pàá yóò béèrè, báǹkì náà sì lè ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀sùn wá. Ẹ má sì ṣe sọ fún oníjìbìtì náà pé ẹ ti já a. Yóò kàn yára kó owó náà lọ ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹlòmíràn yóò kàn sí yín. Agbẹjọ́rò ni, tàbí ẹni tó mọ bí a ṣe ń wá crypto rí, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti mú olè yín, gbogbo ohun tó sì kù kò ju owó díẹ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ san kí ẹ lè gba tiyín padà. Orúkọ àwọn tí wọ́n ti lù rí máa ń di ọjà láàárín àwọn oníjìbìtì, ó sì lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ gan-an ló tún padà wá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, FBI kìlọ̀ pé àwọn kan ń pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ IC3 láti ṣe èyí. Bákan náà, bí owó tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ bá wọ àkáǹtì yín, tí ẹnìkan sì ní kí ẹ fi ránṣẹ́ síwájú tàbí kí ẹ dá a padà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ sọ fún báǹkì kí wọ́n bá yín dá a padà. Owó ẹlòmíràn tí wọ́n lù ní jìbìtì lè jẹ́, kí ẹ̀yin sì wá di ẹni tó bá wọn gbé e.

Bó bá jẹ́ ará ilé yín ló wà nínú rẹ̀

Nínú ẹ̀sùn ọdún 2024 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nìkan pàdánù owó tó súnmọ́ bílíọ̀nù 5 dọ́là. Àwọn ọmọ máa ń rò pé àìmọ̀wé ló fà á, bẹ́ẹ̀ sì ni dókítà, oníṣirò owó àti agbẹjọ́rò wà lára àwọn tí wọ́n ń lù. Ohun tí àgbàlagbà ní tí ọ̀dọ́ kò ní ni owó tó ti kó jọ, ó sì lè ní ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ kún un.

Èyí tó nira jù ni ẹni tí kò tíì gbà pé jìbìtì ni. Bí ẹ bá kọlu olólùfẹ́ tàbí oníṣòwò orí fóònù náà ní tààrà, yóò gbèjà rẹ̀, nítorí pé ẹni yẹn ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé àwọn ẹbí yóò jowú. Ẹ bi í léèrè dípò kí ẹ bá a wí: ṣé a lè jọ gbìyànjú láti gba gbogbo owó náà jáde lónìí? Ṣé a lè wá àwòrán rẹ̀ lórí Google, ká wo orúkọ tó tún wà lára rẹ̀? Ṣé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ìwé àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti gba owó aráàlú? Ó lè gbà, ó sì lè bínú, kí ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà wá bá yín. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àtipadà náà wà ní ṣíṣí. Bí owó ńlá bá ń múra àtijáde láàárín àsìkò yẹn, ẹ pe báǹkì rẹ̀. Wọn kò ní sọ ohun tó wà ní àkáǹtì rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣọ́ àkáǹtì náà, òmíràn nínú wọn sì lè dá ìfowóránṣẹ́ tó bá fura sí dúró fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pè é bá a sọ̀rọ̀.